Èkù Ọ̀bẹ: Ìtàn Tí Ó Wà Lábẹ́ Àtẹ́lẹwọ́ ní Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi òwe yìí pa: bí ènìyàn ṣe gbọ́n tó, bí ó ṣe lágbára tó, ẹlòmíràn ni yóò bá a ṣe ibi tí ọwọ́ tirẹ̀ kò tó. Ṣùgbọ́n òtítọ́ mìíràn wà nínú rẹ̀ tí ó jẹ mọ́ ìtàn. Irin ọ̀bẹ lè wá láti ibikíbi. Ọkọ̀ òkun lè gbé e wá, oníṣòwò lè tà á, ogun lè kó o. Èkù ni ó máa ń sọ ilé tí ọ̀bẹ náà dé sí, ọwọ́ tí ó dì í mú, àti irú igbó tí ó wà lẹ́yìn ìlú ẹni tí ó ni ín.

Lóde òní, bí ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ bá jáde nínú ìròyìn, kì í sábà ju ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ lọ. Bí ó ti rí ní Ìkòròdú ni ó rí ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn òbí Yorùbá ti ń bẹ̀rù kí ọmọ wọn má di ẹni tí wọ́n gún, kí ó má sì di ẹni tí ó gún ọmọ ẹlòmíràn. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1988 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti mú ohun olójú mímú rìn ní ìgboro láìní ìdí gidi. Síbẹ̀, òfin náà yọ ohun kan sílẹ̀: ọ̀bẹ àpò kékeré tí ó ń ká, tí ojú rẹ̀ kò gùn ju íǹṣì 3 lọ. Irinṣẹ́ ni òfin ka irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ sí. Òun ni baba àgbà fi ń bó ọsàn, tí ó fi ń gé orín, tí ó fi ń já okùn, tí ó sì fi ń gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsù fún ọmọ iléèwé. Ìtàn irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀, àti ti àwọn ẹbí rẹ̀ tí kì í ká, gùn ju ìtàn ìpalára lọ.

Káàkiri àgbáyé ni a ti ń rí àwọn tí ó ń kó ọ̀bẹ àpò jọ bí àwọn mìíràn ti ń kó owó àtijọ́ tàbí sítáǹbù jọ. Bí a bá gbé ọ̀bẹ lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ojú ọ̀bẹ kọ́ ni yóò kọ́kọ́ wò. Yóò yí èkù rẹ̀ sí òòrùn, yóò fi àtàǹpàkò pa á lára, yóò sì bèèrè pé kí ni wọ́n fi ṣe é. Ṣé egungun màlúù ni? Ṣé ìwo àgbọ̀nrín ilẹ̀ Íńdíà ni? Ṣé igi ni, àbí eyín erin? Ohun tí wọ́n fi ṣe èkù ni ó ń sọ ọjọ́ orí ọ̀bẹ, owó tí ó tó, àti ipò ẹni tí wọ́n ṣe é fún.

Ìlú kọ̀ọ̀kan tí ó lókìkí nídìí iṣẹ́ yìí ní èkù tí a fi mọ̀ ọ́n. Ní Laguiole, ní ilẹ̀ Faransé, ìwo màlúù ni wọ́n fẹ́ràn, nítorí pé ìlú ẹran ọ̀sìn ni. Ní òkè Savoie ní ilẹ̀ Faransé kan náà, Joseph Opinel bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀bẹ àgbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1890, igi lásán ni ó sì fi ṣe èkù rẹ̀, kí mẹ̀kúnnù lè rà á. Ní Solingen, ní ilẹ̀ Jámánì, wọ́n ṣe ọ̀bẹ kan tí ó ń jẹ́ Okapi ní 1902, tí èkù rẹ̀ jẹ́ igi, láti tà á ní àwọn ilẹ̀ tí Jámánì ń ṣàkóso ní Áfíríkà. Ẹranko inú igbó Kóńgò ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tí ó yá, ìlú Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n gbé iṣẹ́ ṣíṣe rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó borí gbogbo wọn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ilé-iṣẹ́ Joseph Rodgers ní ìlú náà ṣe ọ̀bẹ kan ní àyíká ọdún 1822, tí iye ojú rẹ̀ bá iye ọdún mu, tí wọ́n sì ń fi ojú kún un bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ilé-iṣẹ́ yìí kan náà lókìkí fún àkójọ eyín erin tí ó wà nínú yàrá rẹ̀, tí àwọn àlejò máa ń lọ wò. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń mú eyín tí wọ́n ń là pẹlẹbẹ, tí wọ́n ń dán, tí wọ́n sì ń fi ìṣó kàn mọ́ ara ọ̀bẹ ọlọ́lá.

Níbí ni ìtàn náà ti kan Áfíríkà. Erin kì í gbé ní Sheffield. Eyín erin wà lára ohun tí àwọn òyìnbó ti ń rà ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fún ọ̀rúndún púpọ̀. Igi dúdú tí ó le bí irin náà ń ti ibẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni igi ìrosùn, tí àwọn ìyá wa ń lọ̀ di osùn tí wọ́n fi ń kun ara ìyàwó àti ọmọ tuntun: àwọn oníṣẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù rí i pé ó le, pé ó sì ń dán, wọ́n sì ń fi í ṣe èkù ọ̀bẹ. Ohun tí ó jáde gẹ́gẹ́ bí igi àti eyín ń padà wọlé gẹ́gẹ́ bí ọ̀bẹ tí a ń tà. Ẹni tí ó ra ọ̀bẹ òyìnbó ní etí ọ̀sà lè máà mọ̀ pé igbó Áfíríkà ni èkù tí òun dì mú ti jáde.

Láti mọ bí irú ọjà bẹ́ẹ̀ ṣe ń wọ ilẹ̀ Yorùbá, ó tọ́ kí á wo Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú, ìlú méjì tí ọ̀sà so pọ̀ mọ́ Èkó. Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe abúlé apẹja lásán. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá ja Èkó ní oṣù Kejìlá 1851, tí wọ́n sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí ìtẹ́, Ẹ̀pẹ́ ni ó sá gbà pẹ̀lú àwọn olóyè àti jagunjagun rẹ̀. Àgbájọ rẹ̀ ni ó di Èkó Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ títí di òní. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 1854, Benjamin Campbell tí ó jẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó bá a ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́. Nínú àdéhùn náà, Kòsọ́kọ́ gbà pé òun kò ní gbógun ti Èkó mọ́, wọ́n sì gbà á láyè láti máa ṣòwò láti èbúté Palma ní etíkun. Ní 1862 ni ó padà sí Èkó. Fún ọdún mẹ́wàá tí ó lò níbẹ̀, Ẹ̀pẹ́ jẹ́ ẹnu ọ̀nà kejì tí ọjà òkèèrè ń gbà wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí epo pupa sì ń gbà jáde.

Ìkòròdú náà jẹ́ ẹnu ọ̀nà. Nípasẹ̀ Ìkòròdú àti ilẹ̀ Rẹ́mọ, oníṣòwò lè dé Ìbàdàn láìgba Abẹ́òkúta kọjá. Èyí kò dùn mọ́ àwọn Ẹ̀gbá nínú, nítorí pé wọ́n fẹ́ kí ọ̀nà wọn jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo, pàápàá nígbà tí ọ̀tá wọn ní Ìbàdàn ń rí ìbọn àti ẹ̀tù gbà lọ́nà ìhà ibẹ̀. Wọ́n dó ti Ìkòròdú ní 1864. Ní oṣù Kẹta 1865, John Glover rán àwọn ọmọ ogun láti Èkó lọ, wọ́n sì tú ibùdó àwọn Ẹ̀gbá ká. Ìtàn ogun yìí sábà máa ń dúró lórí ìbọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjà ni ó wà nídìí rẹ̀: ta ni yóò máa ṣí ìlẹ̀kùn fún iyọ̀, aṣọ, ẹ̀tù àti irinṣẹ́ tí ó ń ti òkun bọ̀?

Irinṣẹ́ kì í ṣe ohun tí Yorùbá kò ní tẹ́lẹ̀. Ní Taruga, nítòsí Àbújá òní, wọ́n ti ń yọ́ irin láti ọ̀rúndún mélòó kan kí wọ́n tó bí Jésù. Ní ààfin Ọ̀ọ̀ni ní Ilé-Ifẹ̀, ojúbọ Ògún Ládìn ní òkúta irin ńlá kan tí ó rí bí ẹ̀kán omi, tí alágbẹ̀dẹ ti lù. Samuel Johnson, ẹni tí ó kọ ìtàn àwọn Yorùbá parí ní 1897 kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, sọ pé láti inú iṣẹ́ irin ni orúkọ Ìlọrin ti wá, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń lọ irin. Ní 1904, òyìnbó kan tí ó ń jẹ́ Bellamy tẹ ìròyìn jáde nípa abúlé kan nítòsí Ọ̀yọ́ tí gbogbo iṣẹ́ ibẹ̀ dá lórí yíyọ́ irin láti inú òkúta. Ó rí iná ìléru, ó rí amọ̀ tí wọ́n fi mọ ọ́n, ó sì rí i pé àwọn ará abúlé náà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Irú irin bẹ́ẹ̀ ni alágbẹ̀dẹ ń rà. Yóò fi ẹwìrì fẹ́ iná èédú, yóò fi ẹ̀mú gbé irin tí ó ti pọ́n, yóò sì fi owú lù ú títí tí yóò fi di ojú ọ̀bẹ. Kò ní lu gbogbo rẹ̀ tán. Yóò fi ìdí kan sílẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó mú ṣóńṣó. Ìdí yìí ni yóò wọ inú èkù. Ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà fi í wọ̀ ọ́ kò le: wọn yóò tún fi ìdí irin náà sínú iná títí yóò fi pọ́n, wọn yóò sì kì í bọ inú igi tí wọ́n ti gbẹ́. Irin gbígbóná yóò jó ihò tirẹ̀ fúnra rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé kò ní sí àlàfo láàrin igi àti irin. Nígbà tí ó bá tutù, wọn yóò fi awọ tàbí òrùka idẹ di ọrùn èkù náà kí ó má baà là.

Ìyàtọ̀ kan wà níbí láàrin ọ̀bẹ Yorùbá àti ọ̀bẹ àpò ti òyìnbó. Ní ti ọ̀bẹ àpò, èkù kan náà ni àkọ̀: ojú ọ̀bẹ ń ká padà sínú ohun tí ọwọ́ ń dì mú. Ní ti ọ̀bẹ Yorùbá, èkù wà lọ́tọ̀, àkọ̀ wà lọ́tọ̀. Alágbẹ̀dẹ ni ó ni ojú ọ̀bẹ, gbẹ́nàgbẹ́nà lè gbẹ́ èkù, oníṣẹ́ awọ ni yóò rán àkọ̀. Nítorí náà, nígbà tí àwọn àgbà sọ pé ọ̀bẹ kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀, ohun tí ojú wọn ń rí ní ọjà ni wọ́n sọ. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn bíi mẹ́ta ni ó máa ń wà lára ọ̀bẹ kan.

Ohun tí wọ́n fi ń ṣe èkù ní ilẹ̀ Yorùbá sì ní ìpele tirẹ̀. Igi ni ti gbogbo ayé. Àgbẹ̀ mọ igi tí ó le, tí kì í tètè là, tí kòkòrò kì í fẹ́ràn. Ó mọ̀ pé igi ayín ni ó yẹ fún ohun tí a ó máa fi agbára lò, pé ìrókò kì í tètè jẹrà nínú ọ̀rinrin, pé igi rírọ̀ yóò mú ọwọ́ yọ̀ bí ó bá ti mu omi. Ìwo wà fún ọdẹ, ẹni tí ó pa ẹfọ̀n tàbí àgbọ̀nrín fúnra rẹ̀, tí èkù ọ̀bẹ rẹ̀ sì di ẹ̀rí ohun tí ojú rẹ̀ ti rí nínú igbó. Idẹ wà fún olóyè àti fún òrìṣà. Àwọn Ìjẹ̀bú, tí Ẹ̀pẹ́ wà lára wọn, lókìkí nínú iṣẹ́ idẹ, ẹgbẹ́ Òṣùgbó sì ni ó mọ ìtumọ̀ ohun púpọ̀ tí wọ́n fi idẹ dà.

Eyín erin ni òkè pátápátá. Ní Ìbíní, nígbàkígbà tí ọdẹ bá pa erin, ti ọba ni eyín kan. Ní Ọ̀wọ̀, tí àṣà rẹ̀ sún mọ́ ti Ìbíní, àwọn oníṣọ̀nà gbẹ́ eyín erin di idà ayẹyẹ tí wọ́n ń pè ní ùdàmalore, tí olóyè ń so mọ́ ìbàdí. Idà yìí kì í ṣe ti ogun. Ohun tí ó ń sọ ni pé ọmọ ẹni ire ni ẹni tí ó so ó. Níbí, èkù àti ojú idà ti di ohun kan náà, nítorí pé gbogbo rẹ̀ ni eyín. Bí a bá ní kí a wá ohun tí ó fi hàn jù lọ pé ọ̀ṣọ́ ara ọ̀bẹ kì í ṣe ìgbéraga lásán, ùdàmalore ni.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ yìí? Johnson tí a ti dárúkọ sọ ọ́ ní kedere. Ó ní kí àwọn òyìnbó tó dé, gbogbo ohun irin láti ohun ìjà dé abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń ṣe nílé, ṣùgbọ́n ọjà òyìnbó tí kò wọ́n, tí ó sì dán lójú, ti ń gba ipò wọn, pàápàá ọ̀bẹ. Ó fi kún un pé ti òyìnbó kì í tọ́ tó ti ilé. Ó yẹ kí á ronú lórí ẹ̀rí yìí. Kì í ṣe pé alágbẹ̀dẹ kò mọ iṣẹ́ ni ọjà fi kọ̀ ọ́. Iye owó ni ó ṣẹ́gun rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ó ń fi ẹ̀rọ ṣe ọ̀bẹ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lè ta ọ̀kan ní iye tí kò lè san owó èédú fún alágbẹ̀dẹ, ká má tilẹ̀ sọ owó yíyọ́ irin láti inú òkúta.

Ohun tí alágbẹ̀dẹ ṣe lẹ́yìn èyí ni pé ó fi yíyọ́ irin sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin òyìnbó ṣiṣẹ́: pákó irin ọkọ̀, ọ̀pá irin tí ó ti ṣẹ́, àti lẹ́yìn náà sìpíríìnì ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ti bàjẹ́. Irin di àjèjì. Èkù nìkan ni ó ṣẹ́kù tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀. Bí ọ̀bẹ òyìnbó pàápàá bá ti pẹ́ lọ́wọ́ olówó rẹ̀, tí èkù rẹ̀ sì jáde, èkù igi ilẹ̀ yìí ni yóò padà ní. Nítorí náà ni ẹni tí ó bá fẹ́ kó ọ̀bẹ Yorùbá àtijọ́ jọ kò gbọ́dọ̀ sọ ọ̀bẹ nù nítorí pé ojú rẹ̀ ní àmì Sheffield. Irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ ń sọ ìtàn méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ogun náà kó tirẹ̀ kún un. Ní oṣù Karùn-ún 1892, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó rán ọmọ ogun lábẹ́ Francis Scott láti fi agbára ṣí ọ̀nà Ìjẹ̀bú. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n gúnlẹ̀ sí. Ní ọjọ́ 19 oṣù náà, wọ́n pàdé àwọn ọmọ ogun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n, lẹ́bàá odò Yemọjí. Ìbọn Maxim ni ó parí ọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 1897, ó kan Ìbíní, wọ́n sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ idẹ àti eyín erin lọ sí òkèèrè. Nígbà tí ojú ọ̀nà rélùwéè dé Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1901, òwò bẹ̀rẹ̀ sí í yà kúrò ní etí ọ̀sà. Ọjà ńlá Èjìnrìn nítòsí Ẹ̀pẹ́, tí ọkọ̀ ojú omi ti máa ń wọ́ wá, kò padà rí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀ mọ́.

Yorùbá ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èkù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn 1892, ojú idà ni ó kọjú sí ọmọ Yorùbá. Ẹlòmíràn ni ó di èkù mú, kò sì sí ẹni tí ó lè bèèrè ibi tí ohun ìní baba rẹ̀ wọlé sí. Ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ àti idà Áfíríkà tí ó wà nínú ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ òkèèrè lónìí ni kò ní ju orúkọ òyìnbó tí ó mú un wá àti orúkọ àgbègbè kan lọ. Orúkọ alágbẹ̀dẹ kò sí níbẹ̀. Orúkọ igi kò sí níbẹ̀. Wọn a kọ pé èkù náà jẹ́ igi, bí ẹni pé igi kan ṣoṣo ni ó wà nínú gbogbo igbó Áfíríkà.

Díẹ̀díẹ̀ ni ọwọ́ ń padà sórí èkù. Òfin tí ó dá ààbò bo ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nàìjíríà ti wà láti 1953, wọ́n sì tún fi òfin 1979 mú un le sí i: ẹnikẹ́ni kò lè kó irú ohun bẹ́ẹ̀ jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè yìí láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ tí ó ń bójú tó ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé. Ní oṣù Kejìlá 2022, Jámánì dá díẹ̀ lára iṣẹ́ ọnà Ìbíní padà. Ní Oníkàn ní Èkó, níbi tí ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba àpapọ̀ ti wà láti 1957, wọ́n ṣí ibùdó John Randle fún àṣà àti ìtàn Yorùbá ní 2023. Ẹni tí ó bá ń kó ọ̀bẹ jọ gbọ́dọ̀ mọ òfin yìí, ìbáà jẹ́ ní Ẹ̀pẹ́ ni ó ń gbé, ìbáà jẹ́ ní Houston. Idà ojúbọ tí ẹnìkan ń tà ní kọ̀rọ̀ kì í ṣe ọjà, bí owó rẹ̀ ti wù kí ó kéré tó.

Ọ̀rọ̀ eyín erin tún le ju ìyẹn lọ. Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè mẹ́wàá àkọ́kọ́ tí ó fọwọ́ sí àdéhùn CITES, tí ó ń ṣàkóso òwò ẹranko àti ewéko tí ó wà nínú ewu, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975. Ní 1989, àwọn tí ó wà nínú àdéhùn náà fẹnu kò pé kí òwò eyín erin Áfíríkà láàrin orílẹ̀-èdè dópin. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 2018, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹfà 2022, fòfin de títa ohun tí eyín erin wà lára rẹ̀ àfi ìwọ̀nba díẹ̀. Lára ohun tí ó yọ sílẹ̀ ni èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú 1947 tí eyín kò sì tó ìdá 10 nínú 100 rẹ̀. Ọ̀bẹ àpò tí gbogbo èkù rẹ̀ jẹ́ eyín kì í sábà kọjá níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀bẹ tí ó jẹ́ ọlá ní Sheffield ní ìjẹta ti di ohun tí a kò lè tà ní ìlú tí wọ́n ti ṣe é.

Ẹnìkan lè sọ pé kí ni ó kan ará Ìkòròdú nínú ọ̀rọ̀ òfin òyìnbó. Ó kàn án, nítorí pé erin kò tíì tán pátápátá ní ilẹ̀ Yorùbá. Nínú igbó Ọmọ ní ẹkùn Ìjẹ̀bú ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí àjọ UNESCO ti ń kà mọ́ igbó pàtàkì àgbáyé láti 1977, erin inú igbó ṣì ń gbé. Wọ́n kéré ní iye, àwọn agégẹdú àti àwọn tí ó ń dá oko kòkó sì ti há wọn mọ́. Ẹni tí ó bá ń bèèrè èkù eyín erin tuntun lónìí, àwọn erin wọ̀nyí ni ó ń bèèrè. Ọ̀bẹ àtijọ́ tí ó ti wà nínú ẹbí tẹ́lẹ̀ jẹ́ ohun ìtàn tí ó yẹ kí á tọ́jú. Èyí tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ sí igbó, ó sì tún jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ sí òfin.

Bí a bá yọ eyín erin kúrò, kí ni ó kù fún ẹni tí ó fẹ́ràn èkù? Ó kù ohun tí ó pọ̀ jù, tí àwọn olùkójọ kò sì kà sí rárá: ọ̀bẹ àwọn obìnrin. Ẹ wo ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Ọwọ́ tí ó ń la ẹja láti òwúrọ̀ kún fún ọ̀rá àti ìpẹ́, èkù tí ó bá ń yọ̀ yóò sì ṣe ọwọ́ léṣe. Ẹ wo àwọn tí ó ń bó ẹ̀gẹ́ fún gààrí ní àwọn abúlé Ìkòròdú, tí wọ́n di ọ̀bẹ kan náà mú láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ ni a ti ń rí àkísà tí a wé mọ́ igi, rọ́bà tí a gé lára táyà, tàbí ọ̀rá tí a yọ́ lé irin lórí. Kò sí ẹwà ọ̀ṣọ́ kankan lára wọn. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà níbẹ̀: ìṣòro kan wà, ẹnìkan sì fi ohun tí ó wà nítòsí yanjú rẹ̀. Ohun tí igi ayín ṣe fún àgbẹ̀ ayé àtijọ́ ni rọ́bà táyà ń ṣe fún aláta ẹja òde òní.

Àwọn ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé kún fún idà ọba. Ìwọ̀nba ni ibi tí a ti lè rí ọ̀bẹ ìyá tí ó fi owó gààrí rán ọmọ lọ sí iléèwé gíga. Irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ ni a ń tà fún àwọn tí ó ń kó irin jọ, tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n pọ̀ mọ́ agolo àti ọ̀pá fáànù. Bí ó bá ti wọ inú iná ìléru ilé-iṣẹ́ irin, irin rẹ̀ yóò tún di irin. Èkù rẹ̀ ni yóò jóná, òun sì ni ó ní ìtàn lára.

Títọ́jú irú ohun bẹ́ẹ̀ kò gba owó ńlá. Ó gba ìbéèrè tí a bèèrè nígbà tí olóhun ṣì wà láàyè. Ta ni ó rọ ọ́? Igi wo ni èyí? Ta ni ó pààrọ̀ èkù rẹ̀, ní ọdún wo? Kí ni ó fi ń ṣe? Ìwé pélébé kan tí a kọ ìdáhùn wọ̀nyí sí, tí a sì so mọ́ ọ̀bẹ náà, yóò sọ ju ohun tí ọ̀pọ̀ ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé òkèèrè lè sọ nípa idà tí wọ́n ti ní láti ọgọ́rùn-ún ọdún. Kí a sì fi òróró díẹ̀ pa igi rẹ̀ kí ó má baà sán, kí a má fi iyanrìn fọ̀ ọ́ títí àmì ọwọ́ yóò fi pa rẹ́. Dídán tí èkù dán nítorí pé ènìyàn dì í mú fún ogójì ọdún kì í ṣe ìdọ̀tí.

Ní ilé-ẹjọ́ Nàìjíríà títí di òní, ẹni tí kò bá fẹ́ fi Bíbélì tàbí Kùránì búra lè fi irin Ògún búra. Ìdí ni pé Yorùbá gbà pé irin jẹ́ ẹlẹ́rìí, pé ó wà níbẹ̀ nígbà tí ohun gbogbo ṣẹlẹ̀. Bí irin bá jẹ́ ẹlẹ́rìí, èkù ni ẹnu rẹ̀. Àwọn àgbà tún ní idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ìran tí ó bá jẹ́ kí èkù ọ̀bẹ ìyá rẹ̀ jóná pọ̀ mọ́ àlòkù irin lè rò pé òun ń palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́. Ilé ara rẹ̀ ni ó ń wó.